Ìwé Kékeré Torikul

Torikul ti há Kùránì sórí láti kékeré, ní abúlé wọn létí odò ní Kurigram. Síbẹ̀, nígbà tó wọ yunifásítì ní Dhaka, olú-ìlú wa, ọ̀rọ̀ ẹnu àwa akẹ́kọ̀ọ́ ò yé e.

Àwa méjìdínlógún la jọ ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá kan. Àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ ló ń pín bẹ́ẹ̀dì, ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ bá sì wù wọ́n ni wọ́n ń fún. Àyà Torikul ò dáa, bí òtútù bá mú, ṣe ló máa ń mí hẹ́lẹhẹ́lẹ. Ó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀dì kí oṣù Kejìlá tó dé.

"Ará oko!" ni wọ́n ń pè é. "Sọ̀rọ̀ bíi tilé yín ká gbọ́!" Bó bá sọ ọ́, ẹ̀rín á sọ.

Ó ra ìwé kékeré kan tó máa fi kọ ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀. "Zubayer, jọ̀ọ́, kọ́ mi."

Mo kọ́ ọ. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà tó yẹ kó máa ké Kùránì, ọ̀rọ̀ ìgboro ló ń há, tó ń mì síwá sẹ́yìn bí ọmọ ilé-kéwú. Mo kọ́ ọ ní "pyara nai", ìyẹn ni pé kò séwu. Mo kọ́ ọ ní "mámà": arákùnrin ìyá ẹni là ń pè bẹ́ẹ̀, òun náà la fi ń pe ọ̀rẹ́, òun la fi ń pe onítíì. Mi ò sọ fún un pé a kì í pe àgbà akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n là ń pè wọ́n. Mo rò pé ó mọ̀.

Lọ́jọ́ Alámísì kan, lẹ́yìn ìrun Alásàrí, àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ pè wá sí yàrá àlejò, níbi tí wọ́n ti máa ń dán wa wò. A tò, a dorí kodò. Ẹ̀gbọ́n Mahfuz, ọ̀gá wọn, bi í pé, "Ará oko, ṣé ara le?"

Torikul gbójú sókè, inú ẹ̀ ń dùn. "Pyara nai, mámà!"

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé èmi àti ẹ jọ ń jẹun nínú abọ́ kan ni?"

"Ẹ má bínú, mámà... ẹ̀gbọ́n..."

"Lọ ká ẹní ẹ. Fàráńdà ni wàá máa sùn."

Ó wò mí. Ó yẹ kí n sọ pé èmi ni mo kọ́ ọ. Ilẹ̀ ni mo ń wò.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò ní fàráńdà nínú ìkùukùu, kí ikọ́ tó wó o mọ́lẹ̀. Bàbá ẹ̀ wá mú un lọ, kò sì padà mọ́. Lóṣù Kejì, wọ́n fún mi ní bẹ́ẹ̀dì.

Mo pè é lánàá. "Torikul, èmi ni, Zubayer."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán sà."

"Ẹ̀gbọ́n kẹ̀? Torikul, ẹgbẹ́ mà ni wá!"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

Mo kírun Mọ̀gàríbì, mo sì bi Ọlọ́run léèrè: ahọ́n tó gba gbogbo ọ̀rọ̀ Rẹ dúró, kí ló dé tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú tiwa fi pa á lẹ́nu mọ́? Mo jókòó sórí ẹní ìrun. Nígbà tó yá, mo dìde kírun Ìṣáì, torí ó ti tó àkókò.