Orúkọ Kan Ṣoṣo

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́, n kò lè gbàgbé ọjọ́ tí a sọ àbúrò mi lórúkọ ní Muṣin. Ọjọ́ náà ni a ń retí ìdájọ́ olóṣèlú kan tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn. Nínú àgbàlé wa, bàbá mi nìkan ló ní ó jẹ̀bi.

A tẹ́ ẹní, a gbé oyin àti obì kalẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú àwọn ará àgbàlé ò yọjú. Ìdí rédíò ni gbogbo wọn wà.

“Bàbá Ṣadé, ẹ lọ bẹ̀ wọ́n,” ni màmá mi wí.

“Kí ni mo ṣe?”

Bàbá sọ ọmọ ní Ayọ̀délé. Ẹkún ò jẹ́ kí Màmá lè pe orúkọ kankan.

Lọ́sàn-án, rédíò ní adájọ́ ti sún ìdájọ́ síwájú.

Èmi tí gbogbo àgbàlé sọ lórúkọ, orúkọ mẹ́jọ ni mo ní. Ayọ̀délé ò ní ju ẹyọ kan lọ.