Ọwọ́ Òsì Tí Mo Kọ́ Àwọn Ọmọ Kíláàsì Kẹrin

Ọ̀rọ̀ ìdágbére sí Ọ̀gá mi, Ìyáàfin Morádékẹ́ Odùwọlé, láti ọwọ́ ẹni tó ṣe tísà lábẹ́ wọn

Ó dìgbà o, Ọ̀gá mi. Ó di ká máa wo àga yín ká má rí yín níbẹ̀. Mo fẹ́ ké bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe ń ké, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí níwájú pósí yín, ẹni tí ojú sì ń tì kì í lè ké dáadáa. Gbogbo àwọn tó kọ̀wé sínú ìwé ìsìnkú yìí ló sọ oore tí ẹ ṣe fún wọn. Èmi náà ní oore tí mo fẹ́ sọ, àmọ́ n kò lè sọ ọ́ láìsọ ibi tí mo fi san án.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ púpọ̀, tí ẹ kò bí ju mẹ́ta lọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣáájú agogo dé ilé-ìwé, tí ẹ ó dúró lẹ́nu géètì, tí ẹ ó yí ojú aago ọwọ́ yín sínú, kí tísà tó bá pẹ́ má baà rò pé aago lẹ ń wò. Ẹ kì í pariwo mọ́ wa. “Káàárọ̀ o, Tísà” lẹ máa ń sọ, ó sì máa ń dùn wá ju èébú lọ. Lọ́jọọjọ́ Ẹtì, ẹ ó gbé àpótí ìjókòó kékeré yín wọ kíláàsì kìíní tàbí ìkejì, ẹ ó dijú, àwọn ọmọ á máa wá kàwé sí yín létí lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá ti há a sórí, tí kì í ṣe pé ó ń kà á, ẹ ó mọ̀. Àwọn kíláàsì òkè, ẹ fi wọ́n lé àwa tísà lọ́wọ́, nítorí pé ẹ gbà wá gbọ́.

Ẹ̀yin èèyàn tí ẹ kò mọ̀ wá nígbà náà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níhìn-ín ní Ìjẹ̀bú-Òde ni Màmá ti ń ṣe ọ̀gá àgbà, èmi sì ni tísà kíláàsì kẹrin. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti dé, ọmọ ti kún kíláàsì dé ẹnu ọ̀nà, mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọmọ méjì. Màmá rí i pé ọ̀pọ̀ wọn ń gòkè láti kíláàsì dé kíláàsì láìmọ̀wé kà. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ọlidé, wọ́n pe gbogbo tísà jọ, wọ́n rẹ gàrí fún wa, wọ́n gbé ẹ̀pà sí i, wọ́n sì mú ìwé gígùn kan jáde, tí wọ́n fi bébà kàlẹ́ńdà àtijọ́ bò lẹ́yìn. Wọ́n ní kí oníkálukú kọ orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí kò lè dá ojú ewé kan kà sínú ìwé náà. Orúkọ wọ̀nyẹn ni wọn yóò gbé lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ láti fi bẹ̀bẹ̀ fún tísà kan sí i, tí yóò máa kó àwọn ọmọ náà jọ fún wákàtí kan ní àràárọ̀ títí wọn yóò fi mọ̀ ọ́n kà. Wọ́n ní, “Ẹ má bo ẹnikẹ́ni o. Egbò tí a kò bá fi han oníṣègùn, kì í san. Ọmọ tí kò mọ̀wé kà, àwa ni a kò tíì kọ́ ọ.”

Ọ̀gá mi, ọ̀rọ̀ tí ẹ fi parí yẹn ló gún mi. Onígíréèdì tú ni mí nígbà tí àwọn kan nínú wa kò tíì gba ìwé ẹ̀rí kankan, mo sì máa ń wọ táì wá sílé-ìwé lọ́jọ́ Ajé, kí ẹni tí kò bá mọ̀ lè mọ̀. Mo ka àwọn ọmọ mi. Mẹ́tàlélógún ni kò lè ka ojú ewé kan. Mo yọjú wo ohun tí tísà kíláàsì kẹta kọ, ẹni tí mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo rí i pé méje ni tirẹ̀. Mo mú bíró, mo kọ orúkọ mẹ́rin.

Ẹ gba ìwé náà, ẹ wò ó, ẹ wò mí. “Mẹ́rin péré, Tísà?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.” Inú yín dùn. Ẹ ní Ọlọ́run yóò bù kún iṣẹ́ mi, ẹ sì buwọ́ lù ú.

Wọ́n fún yín ní tísà tí ẹ béèrè, arábìnrin kan tó ní sùúrù. Láàárọ̀ gbogbo, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi, á pe àwọn mẹ́rin tí mo kọ, wọn á tẹ̀ lé e. Àwọn mọ́kàndínlógún tó kù á máa wò wọ́n lẹ́yìn. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, Fọláṣadé, ọmọ oníbúrẹ́dì, ó sún mọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, “Tísà, ṣé èmi náà lè bá wọn lọ?” Mo ní kó lọ jókòó.

Nígbà tó di ìparí sáà kejì, ọ́fíìsì ránṣẹ́ pé ìnsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀ wá wo èso ètò náà. Ara mi kò balẹ̀ mọ́. Ọgbọ́n kan wà tí àwa tísà máa ń dá nígbà náà, n kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ dá a. A ó kọ́ àwọn ọmọ pé bí àlejò bá béèrè ìbéèrè, kí gbogbo wọn nawọ́ sókè. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọwọ́ òsì. Àlejò á rí i pé ọwọ́ pọ̀ lókè, inú rẹ̀ á dùn, tísà á sì máa pe kìkì àwọn tó na ọ̀tún. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ́ wọn. Ọ̀gá mi, n kò fara balẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ yẹn ní ìwé kíkà rí bí mo ṣe fara balẹ̀ kọ́ wọn ní irọ́.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé Ìjẹ̀bú ni ìnsípẹ́kítọ̀ náà, àgbàlagbà tí wọ́n kọ́ nílé kí wọ́n tó kọ́ ọ níwèé. Ta ní ń na ọwọ́ òsì sí àgbà nílẹ̀ wa? Ó kọ gbólóhùn kan sójú pátákó, ó béèrè ẹni tó lè kà á, gbogbo ọwọ́ sì gbéra. Kò tilẹ̀ wo bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Òsì tí wọ́n ń nà sí i ló rí. Ó bínú, ó ní, “Ta ló tọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí? Ṣé òsì lẹ fi ń dá bàbá yín lóhùn nílé?” Ó nàka sí Fọláṣadé pé kó dìde kó wí tẹnu rẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ẹ̀rù ń bà á. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Tísà ló ní ká na òsì bí a kò bá mọ̀ ọ́n kà.”

Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà náà. Ìnsípẹ́kítọ̀ ní kí gbogbo ọmọ tó na òsì dìde, ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n pé mọ́kàndínlógún. Ó ní kí wọ́n gbé ìwé ètò wá, ó sì rí orúkọ mẹ́rin níbẹ̀. Ó béèrè ẹni tó kọ irọ́ yìí ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní ẹnu, n kò là á. Ẹ kò wò mí rárá. Ẹ ní, “Ìwé mi ni, sà. Èmi ni mo buwọ́ lù ú. Ọwọ́ mi ni kí ẹ ti béèrè rẹ̀.”

Nígbà tó lọ tán, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ọ́fíìsì yín. Ẹ ní kí n dìde. Ẹ ní, “Bí mo bá ní ìwọ ni, wọn á lé ọ, wọn kò sì ní fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ. Ta ni yóò wá kọ́ wọn?”

Kò pé oṣù kan tí lẹ́tà fi dé. Wọ́n mú tísà tí wọ́n fi kún wa kúrò. Wọ́n gba ipò ọ̀gá àgbà lọ́wọ́ yín, wọ́n gbé yín lọ sí ilé-ìwé kékeré kan lọ́nà Ìjẹ̀bú-Imusin, níbi tí ẹ ti di tísà kíláàsì lábẹ́ ẹni tí ẹ̀yin fúnra yín kọ́ níṣẹ́. Láàárọ̀, mo máa ń rí yín níbi tí ẹ ti ń dúró de ọkọ̀, pẹ̀lú báàgì yín lápá, màá sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn kí ojú wa má baà ṣe mẹ́rin.

Mo tún ṣe èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi ìpàdé àwọn tísà kan ní Odogbolu, ẹnì kan fi yín ṣẹ̀fẹ̀, ó pè yín ní Ìyá Mẹ́rin Péré. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá mi. Mo rẹ́rìn-ín kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí ìdí tí n kò fi rẹ́rìn-ín. Adébọ́lá, àkọ́bí yín obìnrin, tó ń ṣe tísà bíi tiwa, wà nínú yàrá náà. Mo rí i nígbà tó dìde tó jáde. Ikú yá ju ẹ̀sín, wọ́n ní. Èmi kò kú, mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi gbàdúrà ìparí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo wá sílé yín lẹ́yìn ìsìn. Mo ti pinnu pé màá ní kí a jọ lọ sí ọ́fíìsì kí n lọ jẹ́wọ́. Ẹ gbé ìkókorẹ́ fún mi. Kí n tó la ẹnu, ẹ béèrè pé, “Àwọn ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ń kàwé?” Mo ní, “Gbogbo wọn ti ń kà á, Mà.” Irọ́ kejì nìyẹn, oúnjẹ yín sì wà lẹ́nu mi. Ẹ ní mo ṣeun. Mo jẹun tán, mo dìde, n kò sọ ohun tí mo bá wá.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, ẹ fi páálí kan ránṣẹ́ sí mi. Mo tú u, mo rí àwọn káàdì tí ẹ fi àlùmọ́gàjí gé lára páálí mílíìkì, tí ẹ fi ọwọ́ yín kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí: omi, ilé, ata, búrẹ́dì. Ẹ fi okùn dì wọ́n ní ìdì mọ́kàndínlógún. Ẹ ti mọ̀ pé mo purọ́. Ẹ kò kọ ìwé kankan mọ́ ọn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ yẹn jọ kí agogo tó lù. Mọ́kànlá nínú wọn, Fọláṣadé pẹ̀lú, mọ̀wé kà dáadáa kí wọ́n tó jáde ìwé mẹ́fà. Mẹ́jọ kò mọ̀ ọ́n kà. Àwọn kan nínú mẹ́jọ náà ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ kí n tó rántí pé tísà ni mí. Ẹni tó bá ní mo ti ṣàtúnṣe, kó lọ bi àwọn mẹ́jọ yẹn wò.

Lónìí, èmi ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá àgbà ilé-ìwé náà. Ọdọọdún ni mò ń sọ fún ara mi pé tó bá di ọdún tó ń bọ̀ màá sọ ọ́, àfi bí àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì ṣe mú yín lọ. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, mo ro gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ gbọ́ mi tán, ó ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, kí n má fi ọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Mo lọ bá Adébọ́lá. Òun ló ti bẹ̀ mí pé kí n kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére yìí, pé kí n má ṣe mẹ́nu kan bí wọ́n ṣe gbé yín kúrò, nítorí ojú ń ti ìdílé. Mo sọ òtítọ́ fún un. Ó sunkún pẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, “Ẹ kọ ọ́, sà. Ẹ má yọ nǹkan kan kúrò.”

Ẹ̀yin ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ forí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, n kò ní bá yín jà. Ẹ̀yin tísà ẹgbẹ́ mi tí a jọ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, Ìyáàfin Odùwọlé kò kọ irọ́ kankan. Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ mú ojú ewé yìí lọ sílé, kí ẹ fi han àwọn tí kò lè wá.

Ọ̀gá mi, ìyá tó gbẹ̀bi ọmọ tí kò bí. Ẹrù tí ẹ bá mi rù, mo ti gbà á kúrò lórí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ jù. Bí ẹ bá dé ọ̀hún, tí wọ́n sì bi yín nípa ìwé yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á sọ́rùn ara yín mọ́. Ẹ dárúkọ mi fún wọn. Ẹ sùn re o.

Adéníyì Ṣónúbi
Tísà kíláàsì kẹrin