Òróró Tí A Kì Í Mu

Ẹsẹ̀ òsì ni mo kọ́kọ́ rí. Ìyá mi ń jó níwájú pẹpẹ, wọ́n gbé ẹsẹ̀ náà sókè, wọn ò sì mọ ibi tí wọn ó gbé e sí mọ́. Wọ́n yà bàrá, wọ́n fi èjìká gbá ògiri. Gbogbo ilé àdúrà wa ní Odigbo hó yèè, àtẹ́wọ́ túbọ̀ gbóná. "Ẹ̀mí ti gùn wọ́n!"

Mo ti mọ bí Ẹ̀mí ṣe ń gun ìyá mi láti kékeré. Ohùn wọn máa ń ròkè, ojú wọn a sì dán. Lọ́jọ́ yìí, ahọ́n wọn wúwo, ojú wọn ń pa dé bíi ti ẹni tí oorun ń kùn. Mo sún mọ́ wọn láti dì wọ́n mú, òórùn kan sì ti ẹnu wọn jáde. Òórùn òróró tí mo fi ń pa ẹsẹ̀ ni.

Oko ọ̀pẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lọ́nà Omifunfun. Bàtà òjò kì í kúrò lẹ́sẹ̀ mi, nítorí náà àárín ọmọ-ìka ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bó, ó sì ń yún mi burúkú. Ẹni tó ń ta oògùn ní Ore sọ pé irú èbu kan ló hù sí mi lẹ́sẹ̀, ó sì fún mi ní òróró igi tíì. Igi náà kì í ṣe ìbátan tíì tí à ń mu láàárọ̀ o. Ewé igi ilẹ̀ Ọsirélíà ni, ooru omi gbígbóná ni wọ́n fi ń yọ òróró rẹ̀. Ó ń pa èbu, ó ń pa kòkòrò àìfojúrí, àwọn kan ń fi í tọ́jú irorẹ́. Àmọ́ ó le. Ẹ̀kán díẹ̀ là ń kán sínú òróró àgbọn ká tó fi pa ara, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò bó ni lára. A kì í mu ún rárá.

Ìyá mi rí i pé ẹsẹ̀ mi jinná. Nílé àdúrà wa, òróró tí a bá ti gbàdúrà sí, à ń fi pa orí, à ń fi pa àyà, a sì tún ń mu níbẹ̀. Ikọ́ ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n mú ìgò mi, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbàdúrà sí i, wọ́n sì dà á mu, kí wọ́n tó wá sí ìsìn. Àwọn fúnra wọn ló ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà.

"Ẹ gbà mí o, ẹ wá mọ́tò!" ni mo ké.

Ìyá Ìjọ fà mí lápá. "Ṣé o fẹ́ bá Ẹ̀mí Mímọ́ jà ni?"

"Ẹ̀mí Mímọ́ kì í rùn báyìí, mà."

Nígbà tí ìyá mi wó lulẹ̀, orin dákẹ́. Ẹnì kan sáré gbé epo pupa dé, pé kí wọ́n mu ún kí wọ́n lè bì. Inú bí mi débi tí mo gbá ife náà dànù. Ẹni tí kò lè gbé itọ́ mì, báwo ni yóò ṣe gbé epo mì?

Nígbà tí mọ́tò dé, a gbé wọn sínú rẹ̀, mo sáré yà nílé mú ìgò òróró náà dání, a sì forí lé ilé ìwòsàn ní Ore. Dókítà gbóòórùn ìgò náà, ó ní, "Ẹ ò fún wọn ní nǹkan kan mu?"

"A ò fún wọn ní nǹkan kan, dókítà."

"Ẹ ṣeun. Bí wọ́n bá bì í, ó lè ṣìnà wọnú ẹ̀dọ̀fóró wọn."

Ó ṣàlàyé pé òróró náà máa ń kọlu ọpọlọ: ẹsẹ̀ kò ní ranlẹ̀ mọ́, iyè a rá, oorun àsùnpiyè a sì tẹ̀ lé e. Kò sí oògùn tó ń pa oró rẹ̀. Wọ́n fa omi sí wọn lára, wọ́n fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí wọn nímú, wọ́n sì ń ṣọ́ mímí wọn títí ara yóò fi lé oró náà jáde. Mo jókòó lórí bẹ́ńṣì lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbàkígbà tí nọ́ọ̀sì bá ti yára rìn, ọkàn mi á fò lọ. Ẹ̀rù bà mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ: ìyá kan ṣoṣo ni mo ní.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́ dáadáa kí wọ́n tó lajú.

"Ọma mi," ni wọ́n wí pẹ̀lú ohùn há, "ṣé àdúrà mi ò gbà ni?"

Ẹkún gbọ̀n mí. "Ó gbà, Ìyé. Ẹ ṣì ń mí."

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú òróró yìí nílé, ẹ má gbé e sí àárín òróró àdúrà. Bí ẹnì kan bá mu ún, ẹ má fún un lépo, ẹ má mú kó bì. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn tìgòtìgò.

Ní báyìí, bí ìyá mi bá sùn lọ́sàn-án, mo máa ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró kí n lè gbọ́ èémí wọn. Ó ń wọlé, ó ń jáde, kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mi ò ní dúpẹ́ èyí tán láéláé.