Ọjọ́ Mẹ́rin Tó Kù Nínú Ààwẹ̀ Ìyá Tọ́pẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ sún mọ́ mi, ọ̀rọ̀ ara mi ni mo fẹ́ sọ. Ẹ wò ó, nígbà tí mò ń lu agogo fún ìjọ aládùúrà wa ní Àpòmù, mo lù ú lọ́jọ́ kan, àkùkọ tí wọ́n ti sè mọ́ ọbẹ̀ ní Ìkirè gbéra nínú ìkòkò, ó kọ lẹ́ẹ̀mẹta! Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ gan-an ló sọ fún mi.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ rín in dáadáa. Ibi tó ti máa tán ò jìnnà.

Ìgbà ayé ológun ni. Fọkanáísà ni mí ní Ìkirè, lẹ́bàá títì tó lọ sí Ìbàdàn. Ìwé mi ò ju praimárì fọ́ọ̀ lọ, ṣùgbọ́n tó bá di ká jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó tó mi! Bí mo bá fi ẹsẹ̀ kọ òkúta, màá ní ejò ni. Ìjọ á hó yèè! Ìyàwó mi, Ìyá Tọ́pẹ́, tó ń din dòdò tà, á fi ìborí bo ojú. Tá a bá délé, á ní, "Bàbá Tọ́pẹ́, ejò yín tún ti gùn sí i o. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ jẹ́ kó kú kó tó dé Àpòmù."

Ìgbà tó yá, àìsàn dá Ìyá Tọ́pẹ́ wólẹ̀. Inú rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Dókítà ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe, ó ní ká máa tọ́jú rẹ̀ nílé. Kí ni fọkanáísà mọ̀ nípa inú èèyàn? Táyà ni mo lè lẹ̀!

Ìjọ wa bá yan ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje fún un. Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyí: obìnrin méje á pín in, ọjọ́ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kàn ò ní jẹun. Tó bá di ọ̀sán, á wọ mọ́tò láti Àpòmù wá sí Ìkirè, á gbàdúrà lórí aláìsàn, á sì fún un ní ẹ̀kọ mu kó tó padà. Ìyá Àdúrà, àgbàlagbà tó jẹ́ olórí wọn, ló mú ọjọ́ kìn-ín-ní.

Ọjọ́ kẹta bọ́ sí Sátidé. Ìyá Tọ́pẹ́ jókòó fúnra rẹ̀, ó mu ẹ̀kọ tán, ó tún ní kí n lọ fá irùngbọ̀n, pé mo ti dà bí òbúkọ. Inú mi dùn bí ẹni máa fò! Ní Sọ́ńdè, mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ta ló ní ẹ̀rí? Ta tún ni bí kì í ṣe èmi! Mo ní ó ti dìde. Mo ní ó ti ń din dòdò. Ẹnu mi ò dúró, mo ní ó jó dé ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé bí mo bá sáré sọ ọ́ síwájú, Ọlọ́run á kàn wá bá mi níbẹ̀ ni.

Halelúyà gba gbogbo ilé! Wòlíì ní ààwẹ̀ ti parí, kí àwọn obìnrin yẹn lọ jẹun. Ó yẹ kí n pariwo pé irọ́ ni, àbí? Níwájú gbogbo ìjọ? Ẹnu tó ń sáré láti àárọ̀ wá dì pa.

Mọ́ńdè, ẹnikẹ́ni ò wá. Túsìdé, kò sẹ́ni. Kò sí fóònù lápò ẹnikẹ́ni nígbà yẹn. Àfi kí n lọ fi ẹnu mi sọ pé irọ́ ni mo pa. Mo débi ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo padà. Tí ọ̀sán bá ti pọ́n, Ìyá Tọ́pẹ́ á yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Á ní, "Ṣé wọn ò wá lónìí ni?" Màá ní wọ́n ń bọ̀.

Ní Wẹ́sìdé, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ejò yín náà nìyẹn. Mo ti dárí jì yín."

Ọ̀sán Tọ́sìdé, ó kú.

Ìjọ wá bá mi sin ín. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan, èyí ló dùn mí jù. Mi ò dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Sùtánà mi funfun, mo fi bo ẹ̀rọ tí mo fi ń fẹ́ táyà. Ṣé irọ́ mi ni Ọlọ́run fi pa á? Àbí kò tiẹ̀ sẹ́nì kankan lókè tó ń gbọ́ wa láti ọjọ́ yìí? Èwo ló burú jù? Mi ò mọ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọ̀sán gangan, Ìyá Àdúrà sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó jókòó lórí táyà kan.

"Ọjọ́ méje la yàn, mẹ́ta la gbà. Mẹ́rin ṣì kù. Mi ò tíì jẹun láti àárọ̀."

Mo ní, "Mà, ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ gbà á fún ti lọ."

"Ṣé ara tìẹ le ni?"

"Mi ò gba nǹkan kan gbọ́ mọ́, mà."

"Ṣé mo bi ọ́ bóyá o gbàgbọ́? Sún ẹsẹ̀ ẹ, táyà yìí ń yí lábẹ́ mi."

Ó gbàdúrà, ó fún mi lẹ́kọ, ó lọ. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, òun nìkan! Ní ọjọ́ kẹrin, "àmín" kan yọ lẹ́nu mi. Ó kéré débi pé mo rò pé táyà ló ń jò.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo ká sùtánà kúrò lórí ẹ̀rọ. Gíríìsì ti bà á jẹ́, mo wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo dìde láàrin ìjọ, mo ní irọ́ ni mo pa lọ́jọ́sí. Ẹnìkan láàrin akọrin ní, "Ẹ̀rí Bàbá Tọ́pẹ́ àkọ́kọ́ tí kò ní ejò nínú rèé!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi sunkún.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ká má máa bá Ọlọ́run jẹ́rìí ohun tí kò tíì ṣe. Tí nǹkan bá ṣì le, ẹ sọ pé ó ṣì le, kí ẹni tó fẹ́ bá yín gbàdúrà lè mọ̀nà wá. Ìgbàgbọ́ mi ò tíì tó ti tẹ́lẹ̀. Mo tún ń lu agogo, mi ò sì tíì rí ìdáhùn sí ìbéèrè mi. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé irú ẹ̀ ti ṣe yín rí? Ẹ sọ tiyín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ejò sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àkùkọ ò lè kọ nínú ìkòkò, ẹ jàre, irọ́ ni. Ṣùgbọ́n irọ́ kejì wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ò mọ̀. Mi ò kúnlẹ̀ ní Wẹ́sìdé. Ìyá Tọ́pẹ́ ò dárí jì mí, torí mi ò sọ fún un. Títí ó fi kú, ẹnu ọ̀nà ló ń wò, "Wọ́n ń bọ̀" ni mo sì ń sọ.