Ìró Mi Lára Okùn Irin

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kùrukùru bo àdúgbò wa débi pé mi ò rí òrùlé ilé kejì láti ẹnu ọ̀nà mi, ètè mi sì ti gbẹ kí n tó kí ìrun àárọ̀ tán. Mo fi òrí pa ẹsẹ̀, mo ró ìró méjì léra, mo sì lọ jókòó síbi tí oòrùn máa ń kọ́kọ́ bà nínú ọgbà. Mò ń retí kí àbígbẹ̀yìn mi pè.

Obìnrin ni, ó sì ń gbé ní ìlú òkèèrè, níbi tí yìnyín ti ń bo orí òkè. Ohun tó sọ fún mi ni pé òun ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gbé àwọn tó wá gbafẹ́ gun òkè, kí wọ́n lè fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n dè mọ́ ẹsẹ̀ yọ̀ wálẹ̀ lórí yìnyín. Mo rò pé tíkẹ́ẹ̀tì ló ń já fún wọn. Àfi ìgbà tí ìyàwó àkọ́bí mi, tí a jọ ń gbé, fi fọ́tò kan hàn mí lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ àná. Ọmọ mi ló wà lókè òpó irin kan tó ga ju ọ̀pẹ lọ. Bẹ́líìtì ló so ó mọ́ òpó, gíríìsì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin já lórí ọ̀pẹ lóko wa lọ́nà Ojoku, ibẹ̀ ló sì kú sí. Igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ ń dán lójú, àṣé inú rẹ̀ ti jẹrà. Láti ìgbà náà ni mi ò ti fọkàn tán okùn mọ́.

Torí náà, mo ti pinnu ohun tí màá ṣe, mo sì ti sọ ọ́ fún ìyàwó ọmọ mi. Màá di ọmú mi mú lójú rẹ̀ nínú fídíò, màá ní, "Mo fi ọmú tí o mu bẹ̀ ọ́, fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀." Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá fi ọmú bẹ̀ kò tún ní ohun tó máa sọ. Mi ò ṣe é fún ọmọ kankan rí. Mo mọ̀ pé bí mo bá ṣe é, kò ní gun òpó mọ́. Mo sì mọ̀ pé ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà, torí láti kékeré ni kì í rí nǹkan tó ń yí kó má tú u wò.

Nígbà tí fóònù dún, ìyàwó mi ló bá mi gbé e dání.

"Ọkọ mi, ẹ kú òtútù o," ó wí fún àbúrò ọkọ rẹ̀. "Ìyá ti ró ìró méjì, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá síbí, wọ́n á ró ogún. Ẹ káàárọ̀, Màámi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"Mi ò sùn. Kí lò ń wá lórí irin?"

Ó ní, "Fọ́tò yẹn ti dé ọ̀dọ̀ yín."

"Ó ti dé. Kí lò ń wá níbẹ̀?"

Ọwọ́ mi ti dé àyà. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi hàn yín ná. Bẹ́ ẹ bá wá fẹ́ bínú, ẹ bínú." Mo ní kò burú. Ó yí fóònù sí ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Ẹ̀rọ àtijọ́ ni, ó ti wà kí n tó bí i. Àga pákó ni mo rí, ẹlẹ́ni méjì méjì, wọ́n fi irin gígùn so wọ́n kọ́ sára okùn lókè, wọ́n tò lọ títí wọ́n fi wọ inú ìkùukùu.

"Ẹ́ńjìnnì wọn dà?" mo bi í. Àwa tá a dàgbà létí ojú irin Ọ̀fà, ohun tá a mọ̀ ni pé ọkọ̀ á gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dání ni.

"Àga ò ní ẹ́ńjìnnì, Màámi. Okùn ló ń rìn."

Ó ní wíìlì ńlá kan wà nísàlẹ̀, òmíràn wà lókè. Okùn irin kan ṣoṣo ló yí méjèèjì ká. Wọ́n hun orí rẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ débi pé kò ní kókó kankan. Ẹ́ńjìnnì á máa yí wíìlì kan, okùn á máa lọ, àga á máa bá a lọ. Bí èyí ṣe ń gòkè lápá ọ̀tún ni èyí ń sọ̀ lápá òsì, ìwúwo tó ń bọ̀ wálẹ̀ á máa ran èyí tó ń gòkè lọ́wọ́. Kí okùn má bàa dẹ̀, wọ́n so òkúta sìmẹ́ńtì ńlá kan kọ́ sẹ́yìn wíìlì kan, òun ló ń fà á le nínú òtútù àti nínú oòrùn.

"Ṣé ó máa dúró kí n tó jókòó?"

"Kì í dúró. Ẹ ó kọ̀yìn sí i, àga á gbá yín lẹ́yìn orúnkún, ẹ ó sì jókòó bẹ́ ẹ fẹ́ bẹ́ ẹ kọ̀."

"Irú àga wo ló ń gbá àgbàlagbà?"

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí fóònù fi ń mì. Ọmọ mi ní òmíràn wà lápá kejì òkè náà, àwọn ilé kékeré bí ẹyin, tó nílẹ̀kùn. Ọwọ́ irin ni wọ́n fi ń di okùn mú. Bí wọ́n bá wọ ibùdó, ọwọ́ náà á tú okùn sílẹ̀, ilé á máa rọra lọ kí èèyàn lè wọlé. Bí ilẹ̀kùn bá tì tán, á tún di okùn mú.

"Ìyẹn mọ àgbà," mo wí.

Lẹ́yìn náà ni mo wá bi í ní ohun tí kò jẹ́ kí n sùn. "Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé inú okùn ò tíì jẹrà?"

Ó mọ ìtàn ẹ̀gbọ́n mi. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Màámi, irin wẹ́wẹ́ ni wọ́n lọ́ pọ̀ di okùn. Bí ọ̀kan bá já, ṣóńṣó rẹ̀ á yọ síta bí ẹ̀gún. Tá a bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, a ó jẹ́ kí okùn máa rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a ó fi aṣọ yí i ká. Ibi tí irin bá ti já, aṣọ á há. A ó dá a dúró, a ó fi ọ̀dà sàmì síbẹ̀. Tí ó bá ti pọ̀ lójú kan, okùn ò ní gbé ẹnikẹ́ni mọ́. Ní ti inú rẹ̀, àwọn kan máa ń gbé ẹ̀rọ wá fi wò ó, bí wọ́n ṣe ń wo egungun nílé ìwòsàn."

Ó gbé aṣọ náà sójú fóònù. Àdìrẹ ni, ẹyẹ wẹ́wẹ́ wà létí rẹ̀.

"Ìró mi nìyẹn," mo wí.

"Òun ni, Màámi."

"Ìró tí mo fi pọ̀n ọ́. Mo fún ọ nígbà tí ò ń lọ, o wá sọ ọ́ di àkísà mẹ́káníìkì?"

"Ẹ má bínú. Àkísà wọn ló tán lọ́jọ́ kan, mo bá gé díẹ̀ lára rẹ̀. Ó há níbi tí tiwọn ti yọ̀ kọjá. Aṣọ ibí ń dán jù. Òwú tí wọ́n ti fọ̀ fọ̀ fọ̀ tó fi rọ̀, òun ló ń mọ ẹ̀gún lára. Látìgbà náà, òun nìkan ni mò ń lò. Ó ti fẹ́ tán báyìí."

Mo wò ó dáadáa. Gíríìsì ti sọ ọ́ di dúdú, ó sì ya kiri. Ojú kọ̀ọ̀kan tó ya, irin kan tó já ni, tí ọmọ mi rí kó tó pa ẹnikẹ́ni. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé ọwọ́ kúrò láyà.

"Màámi, ìyàwó yín ní ẹ ní ọ̀rọ̀ kan tẹ́ ẹ fẹ́ bá mi sọ."

"Mo ní in. Bẹ́líìtì tó so ọ́ mọ́ òpó, ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Èmi fúnra mi. Ẹlòmíì á tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn mi."

"Ó dáa. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí okùn já mọ́ ọ lọ́wọ́."

"Àmín, Màámi." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ó ní òtútù ni.

Nígbà tí fóònù kú, ìyàwó mi wojú mi. "Ìyá, ẹ ò sọ ọ́."

"Mi ò sọ ọ́ mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, mo kó gbogbo ìró olówùú tó ti gbó jáde nínú àpótí mi. Ẹnu wáyà kan ti já lára okùn tí a ń sá aṣọ sí lẹ́yìn ilé. Mò ń wọ́ aṣọ kọjá lórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá yọ̀ kọjá, mo dá a padà sínú àpótí. Èyí tó bá há, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ọyẹ́ sì gbẹ ẹ́ kíá. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo dì wọ́n, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìjàgbò, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń padà sí ìlú òkèèrè yẹn. Ó tú ẹrù náà wò.

"Ìyá, aṣọ àlòkù lásán nìyí. Ẹ ò tiẹ̀ fi gààrí kún un?"

Mo ní kó bá mi gbé e lọ bẹ́ẹ̀.