Màdáámú Wọnú Àga

Alága ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í sì í ṣe alága ẹgbẹ́ kankan o! Àga ló ń tún ṣe. Tí fóòmù àga yín bá ti pẹlẹbẹ bí ìwé, ẹ gbé e lọ fún un. Yóò dijú, yóò fi ìka méjì tẹ aṣọ rẹ̀, yóò sì sọ ibi tí kókó wà lábẹ́ rẹ̀. Kò ṣì í rí!

Ìyàwó rẹ̀ lọ wo ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, ó wá gbé ológbò rẹ̀, Màdáámú, kọ́ ọ lọ́rùn. Láàárọ̀ ni Alága gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Dókítà ẹran ní, "Ó lè máa sùn ṣáá, ó lè má jẹun títí dọ̀la. Kókó kékeré níbi abẹ́rẹ́ ò ṣe nǹkan. Ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ má jẹ́ kó jáde. Àmọ́ tójú ẹ̀ bá wú pẹ́nrẹ́n, ẹ sáré gbé e wá!"

Alága ti ilẹ̀kùn, ó ti fèrèsé, ooru sì mú òun àti Màdáámú nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Ó dojú àga màmá oníbàárà rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Tíṣà Àgbà dé, ó fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó lọ mú aṣọ ìdí àga wá, ó fi ogójì ìṣó kàn án mọ́ igi, ó sì gbé àga náà nàró. Ìgbà náà ló wẹ̀yìn. Màdáámú dà? Abẹ́ tábìlì, kò sí. Ẹ̀yìn fóòmù, kò sí. Ilẹ̀kùn sì wà ní títì! Ó jókòó sórí àga kó lè ronú, ni àga bá kùn lábẹ́ ìdí rẹ̀.

"Yéè! Mo ti kan ológbò mọ́nú àga!"

Fóònù dún. Ìyàwó rẹ̀ ni.

"Màdáámú ńkọ́?"

"Ó ń sùn."

"Ojú ẹ̀ ò wú?"

"Ojú ẹ̀? Ojú ẹ̀ wà níbẹ̀."

"Ojú wà níbẹ̀ báwo? Mò ń pè padà, kí ẹ gbé fóònù sí i lójú, kí n rí i!"

Kò tíì mí tán tí Tíṣà Àgbà fi kanlẹ̀kùn, ó wá gba àga rẹ̀.

"Ẹ yára wọlé, mà, ẹ pa á dé!"

"Kí ló dé? Ṣé ọlọ́pàá ń lé ọ ni?"

Ó jẹ́wọ́. Màmá la ẹnu, kò lè pa á dé. "Nínú àga tèmi? Tú u kíá!"

Alága yí àga náà dẹ̀gbẹ́ jẹ́jẹ́, ó ń yọ ìṣó níkọ̀ọ̀kan, kí ariwo má dẹ́rù ba ológbò aláìsàn. Nígbà tí ihò gba ọwọ́, òkùnkùn nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ó bá nà gbalaja sílẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì dijú. Ó kan imú. Ó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó kan ti òsì, ó ń fi wọ́n wéra bí apá àga méjì. Wọ́n dọ́gba! Kókó bíńtín kan péré ló wà léjìká. Bó ṣe fẹ́ yọwọ́ ni Màdáámú gbórí lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fi èékánná di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì sùn lọ.

Fóònù tún dún. Tíṣà Àgbà ló gbé e. "Ọwọ́ ọkọ ẹ wà nínú àga mi, ológbò ẹ dì í mú. Jẹ́ kó sọ òótọ́ fún ọ."

"Mi ò tíì fojú rí i," ni Alága wí láti ilẹ̀. "Ọwọ́ ni mo fi wò ó. Kò wú."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹnu yín purọ́, àmọ́ ọwọ́ yín kì í purọ́. Ẹ má yọ ọ́ o."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí tí Màdáámú á fi jí."

"Apá mi ti ń kú tipiri o!" ni Alága kígbe. Tíṣà Àgbà wo ilẹ̀kùn títì náà, ó bọ́ bàtà, ó sì wá ibì kan jókòó.

"Sọ ọ́ jẹ́jẹ́," ó ní, "o fẹ́ jí i lójú oorun."