Bàbá Télọ̀ Tó Ní Kí Wọ́n Dín Ọ̀nà Kù

Ohun tí gbogbo ẹbí fi ń rántí olóògbé Bàbá Télọ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n dúró láàárín eré ìje, tí wọ́n ń ná ọ̀nà bí ẹni ń ná aṣọ.

Ìdajì máratọ́ọ̀nù ni wọ́n ń sá lọ́jọ́ náà, láti fi múra de odidi. Kóònù pupa kan wà níbi tí àwọn asáré ti ń yí padà. Bàbá Télọ̀ débẹ̀, wọn ò yí padà. Wọ́n fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ọmọ mi, kóònù yìí jìnnà jù. Gbé e sún mọ́ wa díẹ̀."

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ kóònù rò pé oòrùn ló ń pa wọ́n. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sáré. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n."

"Èmi náà ń wọn nǹkan. Bí mo bá wọn aṣọ tán, ṣé n kì í gé díẹ̀ kúrò ni?"

"Ṣebí ẹ̀yin ti débí! Kí lẹ tún ń ná an sí?"

"Mò ń ná an fáwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni."

Nígbà tó sú ọkùnrin náà, ó fẹsẹ̀ ti kóònù sẹ́yìn díẹ̀, sápá ibi tí àwọn asáré ti ń bọ̀. Bàbá Télọ̀ dúpẹ́, wọ́n yí padà tayọ̀tayọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń bọ̀ lẹ́yìn: Nọ́ọ̀sì, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tó ń wọ́sẹ̀ bọ̀.

Kò sóhun tí Bàbá Télọ̀ kì í ná. Kóòṣì tó ń kọ́ wọn léré ní kí wọ́n sá gun òkè lẹ́ẹ̀mẹfà. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n jọ parí ẹ̀ sí mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n dé orí òkè, márùn-ún ni wọ́n sá; wọ́n ní ìkarùn-ún ni ènì.

Dókítà ní orúnkún wọn ọ̀tún ò lè sáré mọ́. "Ó dáa," ni Bàbá Télọ̀ wí. "Òsì á máa sáré, ọ̀tún á kàn máa sìn ín lọ."

Ìyàwó wọn ló bẹ Nọ́ọ̀sì pé kó máa tẹ̀ lé wọn. Nọ́ọ̀sì tó ti fi gbogbo ọjọ́ dúró ti aláìsàn, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wú! Ní ìdájí, ohùn á dún lójú fèrèsé.

"Ṣé o ti jí?"

"Bàbá, mi ò tíì sùn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Jíjí ò ní yọ ẹ́ lẹ́nu."

Odidi máratọ́ọ̀nù ni wọ́n ti ń lé láti ìgbà èwe, orúnkún ò sì lè dúró dọdún mìíràn. Kóòṣì sì ti là á mọ́lẹ̀: ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn tó ti rẹ̀, kò ní sá odidi. Bọ́ọ̀sì Ó-Ti-Rẹ̀-Mí ni àwọn asáré ń pè é.

Lọ́jọ́ kóònù yẹn, nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, ẹsẹ̀ Nọ́ọ̀sì kọ̀. Ó jókòó sétí ọ̀nà. Bọ́ọ̀sì ti dé ẹ̀yìn ẹ̀.

"Bàbá, ẹ máa lọ! Ẹ má torí mi pàdánù ẹ̀."

Bàbá Télọ̀ tó ti ṣíwájú padà wá. Ojú fèrèsé awakọ̀ ni wọ́n lọ.

"Dẹ́rẹ́bà, fún wa dé ìdí òpó iná yẹn."

"Bàbá, wọ́n ní kí n kó yín ni o."

"Òpó kan péré! Ṣé ó pọ̀ jù ni?"

Wọ́n fa Nọ́ọ̀sì dìde. Nígbà tí wọ́n dé ìdí òpó, wọ́n tọrọ géètì aláwọ̀ ewé. Ní géètì, wọ́n tọrọ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì.

"Bàbá," ni awakọ̀ kígbe, "ẹ ti ra gbogbo àdúgbò tán!"

Ibi tó ti ń rojọ́ ni wọ́n ti tẹ ìlà ìparí, èjìká kan èjìká.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Àga ni àwọn tó ṣètò eré ń kó lọ. Nọ́ọ̀sì dùbúlẹ̀ sórí koríko, kò lè bẹ̀rẹ̀ tú okùn bàtà. Bàbá Télọ̀ jókòó, wọ́n gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ lé itan, wọ́n tú u, wọ́n ń fi ìka tí abẹ́rẹ́ ti sọ di líle tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Ó ń dùn mí, Bàbá."

"Ṣé kí n fi í sílẹ̀?"

"Ẹ má fi í sílẹ̀."

Bàbá Télọ̀ kú kí odidi eré náà tó dé. Bí ẹbí bá pé jọ, ọ̀rọ̀ kóònù ni, ẹ̀rín á sì gbalé. Nọ́ọ̀sì náà á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú ẹ̀. Èyí tí kì í sọ ni pé nígbà tó gbójú sókè lórí koríko, Bàbá Télọ̀ ti sùn lọ lórí ìjókòó, ẹnu wọn là sílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn méjèèjì. Ó fẹ́ fà á kúrò. Kò fà á mọ́. Ó dúró jẹ́ẹ́, kí wọ́n lè sùn dáadáa.